Mo Bá Alàájì Di Ọ̀pá Mú, Ẹja Mi Sì Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde lónìí, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń ru nínú mi. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí a lọ fi ìwọ̀ pẹja díje nítòsí Tafo, ní Kumasi níbí, ni mo fẹ́ sọ. Àwọn Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí nígbà náà, orúkọ tuntun tí ilẹ̀ náà ń jẹ́ báyìí kò tíì dé. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́! Ṣé bí nǹkan bá ti pẹ́, kì í dunni mọ́ ni?

Kumasi ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe ní Fante New Town, níwájú ilé tí èmi àti Rìsì ìyàwó mi ń gbé. Àwọn kan fẹ́ràn ayò, àwọn kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, èmi, ìwọ̀ ni tèmi. Kí n jókòó sétí omi, kí n máa wo kọ́ọ̀kì kékeré tó ń léfòó, kí ẹnikẹ́ni má pè mí pé kí n wá lẹ táyà fóun. Ìsinmi wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Omi kan wà lẹ́yìn Tafo tí wọ́n sé, ẹja kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ apẹja kan ló gbàṣẹ lórí rẹ̀, àwọn akọ̀wé ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti oníṣòwò díẹ̀. Bí o kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ọlọ́dẹ ibẹ̀ á lé ọ dànù bí ewúrẹ́ tó wọ oko ẹ̀gẹ́. Ó ti lé èmi náà rí, mo sì sáré débi pé bàtà mi kan ṣẹ́kù sínú igbó.

Kí wọ́n tó gbà ọ́ sí ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ dán ọ wò nínú ìdíje mẹ́ta. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o gbọ́dọ̀ gbé ẹja kan, ẹyọ kan péré, sórí òṣùwọ̀n. Bí o kò bá rí i gbé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ, o kò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Ní ìdíje àkọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan pa. Ní èkejì, mo pa epìyà kan, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó padà sínú omi, gbogbo wọn sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni Mista Ofori, ọmọ Aṣáńtí gíga kan tó máa ń wọ ṣòkòtò penpe funfun tí kì í ní ìdọ̀tí. Ó fẹ́ràn kó máa sọ pé àwa Alatafo, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, ọjà la mọ̀, a ò mọ omi. Bó bá sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí o! Mo fẹ́ kí ó rí mi nínú ẹgbẹ́ yẹn kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, Alàájì Bùsàrí tó ń ta àlùbọ́sà ní Asafo. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: òun ló mú mi débẹ̀, òun ló dúró fún mi. Bàbá ni mò ń pè é. Bó bá ní àlejò, èmi ni mò ń ru àga. Bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi ni mò ń bá a mú ẹní ìkírun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ta mí lára títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Rìsì di kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo ibí, fún mi, ó ní kí n má padà wálé lọ́wọ́ òfo o, nítorí òun ti sọ fún gbogbo ará ilé. Mo ní kí ló dé tó fi sọ fún gbogbo ará ilé? Ó ní òun ti lọ ata sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ mi o, ìyàwó mi ti lọ ata fún ẹja tó ṣì ń wẹ̀ lódò!

Nígbà tí a dé etí omi, Mista Ofori ka òfin fún wa, ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún sọ ọ́ ní Twi. Láti ìgbà tí òun bá fun fèrè títí òun yóò fi tún un fun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ ẹlòmíràn. Ẹja tí wọ́n bá fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó ni ín. Gbogbo wa dáhùn pé "Yoo!" Èmi náà dáhùn. Kódà, ohùn Alàájì ló ròkè jù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ràfíù, ìwọ náà gbọ́ òfin." Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Alàájì ni wọ́n fi mí sí, lábẹ́ igi kan. Ekòló ni mo fi ṣe ìdẹ, Alàájì sì fi ọṣẹ ìfọṣọ ṣe tirẹ̀, ó ní àrọ̀ fẹ́ràn ọṣẹ. Oòrùn yọ, oòrùn gbóná, omi dákẹ́. Àwọn tó wà lódìkejì ń pa epìyà wéwé. Àwa ò rí nǹkan kan. Mo ń wo kọ́ọ̀kì mi títí ojú fi ń ro mí.

Nígbà tí àkókò ìrun àìlà tó, Alàájì gbé búùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó ní, "Ràfíù, bá mi di ọ̀pá yìí mú, kí n lọ kírun. Bí mo bá dé, màá bá ọ di tìẹ náà mú, kí o lọ kí tìẹ."

Kò dúró gbọ́ èsì. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó kàn na ọ̀pá náà sí mi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe. Wọ́n á kàn tú ọwọ́ sílẹ̀ ni, ó di dandan kí ọwọ́ ọmọdé kan ti wà níbẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ fún àgbà tó ń lọ kírun pé, "Rárá, Bàbá, òfin ẹgbẹ́ ò gbà"? Inú ilé wo ni wọ́n ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi ti di ọ̀pá mú kí n tó rántí Mista Ofori. Mo gún ọ̀pá tèmi mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì di ti Alàájì mú.

Kò pẹ́ tí kọ́ọ̀kì Alàájì fi rì. Kò mì tìtì, kò ṣe jẹ́jẹ́, ó rì wọ̀ọ̀! Mo fà á. Mo rò pé igi ló há, àfi bí igi náà ṣe fa èmi náà! Okùn ń sá lọ, mo fi ọwọ́ lásán wé e, ó gé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. N kò tú u sílẹ̀. Mo wọ inú omi dé orúnkún, mo fà, mo tún jọ̀wọ́ díẹ̀, mo tún fà. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ yọ. Àrọ̀ ni! Orí rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́ ìmumi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Mo ṣubú lé e nínú ẹrẹ̀, mo fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Inú mi dùn, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ní mo ti dọmọ ẹgbẹ́. Mo ní Mista Ofori á rí i. Mo rántí ata Rìsì.

Bẹ́ẹ̀ ni Alàájì dé. Ó rí ẹja, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alhamdulillahi! Ọlọ́run gbọ́ àdúà mi lórí ẹní!" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dé e lómọrí, ó sì jókòó lé ọmọrí náà. Ó jókòó lé e o!

Mo rò pé eré ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn mi nìyí. Ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tèmi."

Ó ní, "Ọ̀pá ta ni? Ọṣẹ ta ni?"

Mo ní, "Ọ̀pá yín ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni?" Mo fi ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi hàn án.

Ó wò ó, ó ní, "Kọsẹ́," pẹ̀lẹ́ nìyẹn ní Twi, bí ẹni pé iná ló ta sí mi lára. Ó ní kí n tètè lọ kírun, àkókò ń lọ.

Mo lọ. Kí n má tàn yín, n kò mọ iye ràkáà tí mo kí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá foríkanlẹ̀, ẹja ni mò ń rí. Ọlọ́run ló máa gba irú ìrun bẹ́ẹ̀, torí Ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe mí.

Nígbà tí mo padà, ọ̀pá mi wà nílẹ̀ gbalaja. Nǹkan kan ti fà á ṣubú, orí rẹ̀ ti wọ inú omi, okùn rẹ̀ ti lọ́ mọ́ koríko, ìdẹ ti lọ. Alàájì wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ ó bá mi dì í mú?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó wá bá mi pọn ọmọ. Ó ní, "Àgbà wo lo ti rí tó ń di ọ̀pá ọmọdé mú?"

Ká ní ó gbé ọ̀pá náà nà mí ni, kì bá tó bẹ́ẹ̀ dùn mí! Mo wà níbẹ̀ tí mò ń tú okùn mi kúrò lára koríko nígbà tí fèrè ìparí dún.

A tò sídìí òṣùwọ̀n. Mista Ofori ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹnìkan bá gbé ẹja tirẹ̀ wá, á bi í pé ṣé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á. Ẹni náà á ní "Aane," bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Alàájì gbé àrọ̀ náà jáde, gbogbo wọn pariwo. Kò sẹ́ni tó pa ohun tó sún mọ́ ọn. Ife ẹ̀yẹ ti wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó ń dán.

Mista Ofori ní, "Alàájì, ṣé ọwọ́ yín ló pa á?"

Alàájì ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Aane. Ọwọ́ mi ni."

Mo dákẹ́. Ẹ gbọ́ o, mo dákẹ́! Mo ń retí kó yíjú sí mi, kó sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Kó ní, "Ọmọ yìí náà ràn mí lọ́wọ́." Kó tilẹ̀ ṣẹ́jú sí mi. Kò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n wá pe orúkọ mi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi lọ lófìfo. Mista Ofori ní ó dun òun, ó sì na ọwọ́ kó lè gba ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń so mọ́ àyà àwa tí wọ́n ń dán wò. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tí Alàájì ń na ọwọ́ sí ife.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo lọgun pé, "Irọ́ ni!"

Alàájì yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Ràfíù, pa ẹnu rẹ dé. Níwájú àwọn ará ibí? O fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín?"

Àwa! Nígbà tó ń jókòó lé apẹ̀rẹ̀, ṣé "àwa" ni?

Mo fi Twi sọ gbogbo rẹ̀ fún Mista Ofori, láti orí búùtà títí dé orí èèpo ẹ̀pà. Mo ní kí ó wo ọwọ́ wa. Ó gbé ọwọ́ mi wò, okùn ti là á láti ìka dé ìka. Ó gbé ti Alàájì wò, ó mọ́ tónítóní, òórùn ọṣẹ nìkan ló wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi Alàájì ní ìbéèrè.

Mo rò pé wọ́n á gbé ẹja fún mi. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, ó yẹ mí. Mista Ofori ní òfin ni òfin: ẹja náà kì í ṣe ti Alàájì, kì í sì í ṣe tèmi. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ Alàájì, wọ́n kìlọ̀ fún un, ó sì ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Èmi tí apẹ̀rẹ̀ mi ṣófo, wọ́n tú ríbọ́ọ̀nù mi. Wọ́n gbé ẹja fún ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ kan náà tó lé mi nígbà kan! Mo tún pàdé rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà, ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ọbẹ̀ ẹja yẹn dùn gan-an.

Nínú lọ́rì tó gbé wa padà, Alàájì jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi wà lẹ́yìn. Nígbà tí mo délé, Rìsì wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. Ó da omi gbígbóná sínú abọ́, ó fọ ọgbẹ́ náà. Ẹyin ló fi ata yẹn sè.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà wa ránṣẹ́ pè mí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló pa ẹja. Kò sẹ́ni tó ní kí n na ọwọ́ mi kóun wò. Ohun tí wọ́n bi mí ni ìdí tí mo fi pe àgbà ní òpùrọ́ lójú àwọn onílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sún fìlà rẹ̀, ó ní, "Ràfíù, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ."

Mo ní, "Ẹ parí rẹ̀, Bàbá."

Ó ní kí ni mo wí.

Mo ní, "Òwe yẹn ò tíì parí. Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kó má ṣe kọ̀ ọ́ mọ́. Alàájì bẹ̀ mí níṣẹ́, mo jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á jẹ́ fún mi ńkọ́?"

Inú yàrá gbóná. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Alàájì ń wo ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ "irọ́" tí mo lọgun mọ́ ọn, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ṣùgbọ́n nítorí ẹja, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rùn lọ, òjò dé. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé ọ̀rẹ́ wa kan ní Tafo, gbogbo wa sì wà níbẹ̀. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí Alàájì dé, pẹ̀lú agboòrùn dúdú ńlá rẹ̀. Ó fẹ́ bọ́ bàtà kó lè wọlé. Ó ní, "Ràfíù, bá mi di èyí mú."

Kò wo ojú mi. Ó kàn na agboòrùn náà sí mi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Agboòrùn náà já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Gbogbo ojú yíjú sí wa. Alàájì gbé orí sókè, ó wá wo ojú mi wàyí. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi fún un, ojú ọgbẹ́ náà ṣì pọ́n. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ yìí ń dùn mí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú agboòrùn rẹ̀ nílẹ̀. N kò rí i kó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan rí, láti ìgbà tí mo ti dáyé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé, ẹni tó bá wù kó gbà á. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, èmi náà ń bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì ti darúgbó báyìí tí àwọn ọmọdé ń bá mi mú ẹní. Ṣùgbọ́n oko kì í jẹ́ ti bàbá àti tọmọ kó má ní ààlà. Bí ọmọdé kan bá bá mi di nǹkan mú lónìí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí n tó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ bá di tirẹ̀ mú, tó fi tiyín sílẹ̀ fún koríko? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé mi ò bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ sọ tẹnu yín, mo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ yín kí n wò ó.